Kọ̀ǹpútà Tí Etí Ológbò Tò

Etí Ológbò ni gbogbo télọ̀ ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ àfi ẹni tó bá fẹ́ bá a jà. Maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ohun tó fi gba orúkọ yẹn ni pé kì í tú maṣíìnì kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Yóò ní kí télọ̀ jókòó, kó máa ránṣọ lọ. Òun á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé maṣíìnì náà lórí, á di ojú méjèèjì, á dẹ etí sún mọ́ ọn bí ẹni tí ọmọdé ń sọ àṣírí fún, á wá ní, "Abẹ́rẹ́ kọ́. Eyín tó ń fa aṣọ ló ti kújú." Bí wọ́n bá tú u, eyín náà ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò?

Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Kọ̀ǹpútà ló fà á. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì kan tó ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ kí ìtàn wọn má baà bá wọn lọ. Wọn á kó ohùn náà fún un, á jókòó sí yàrá, á ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ etí, á máa tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ já bọ́. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe ni. Arúgbó kì í sọ̀rọ̀ ketekete: èyí kò léyín mọ́, ìyẹn ń sọ̀rọ̀ sínú irùngbọ̀n, òmíràn á sọ ìdajì ọ̀rọ̀, á wá mí kanlẹ̀ dípò ìyókù. Kọ̀ǹpútà tó ń lò sì ti gbó. Fáànù inú rẹ̀ ń hó láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta. Ibi tí kò bá ti gbọ́ ohun tí arúgbó wí, á fi àlàfo sílẹ̀, àlàfo náà sì ń pọ̀ sí i. Níkẹyìn, ọ̀gá ọ́fíìsì pè é, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tí ẹ máa wá gbà ní Ọjọ́rú yìí, bí àlàfo bá tún wà níbẹ̀, ẹ má bínú sí wa, a máa gbé e fún ẹlòmíràn."

Ó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Etí Ológbò lọ bá kọ̀ǹpútà náà níbi tó wà. Ó tẹ́ ọwọ́ lé e lórí, ó di ojú, ó dẹ etí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ariwo wo ló ń pa? Ara rẹ̀ kàn ń gbọ̀n díẹ̀ ni."

"Ẹ ò gbọ́ ọ?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ṣe jẹ́ ká lọ rí dókítà etí?"

Ẹ wá wo ọkùnrin yìí! Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Èmi? Èmi Etí Ológbò?" Ó bi í bóyá àwọn télọ̀ ló rán an níṣẹ́. Nítorí pé àwọn télọ̀ náà ti ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan gbé maṣíìnì padà wá pé ó ṣì ń han goorogo. Etí Ológbò ní kò han, pé télọ̀ náà ni kò mọ maṣíìnì wà. Òmíràn kò tiẹ̀ gbé tirẹ̀ wá mọ́. Etí Ológbò ní ìlú ló le.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹrorò. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó rántí omi tó rí lójú ìyàwó rẹ̀, ó sì ká a lára. Iṣẹ́ yẹn ni ayọ̀ obìnrin náà. Bí wọ́n bá ń jẹun, ìtàn àwọn arúgbó yẹn ló máa ń sọ, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ojú òun ló ṣe. Wọn kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fáànù bá jẹ́ ìṣòro, Etí Ológbò á wá kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù rárá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì tò ó, kí gbogbo ẹjọ́ etí yìí lè parí.

Ó lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ìkángun àdúgbò. Ọkùnrin náà gbé àpótí irin kékeré kan fún un, kò ju páálí bàtà lọ, ó tún gbé bọ́ọ̀dù kan tó wà nínú ọ̀rá lé e.

"Bàbá, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo yìí ni. Gbogbo nǹkan ti wà lára rẹ̀. Mẹ́mọ́rì nìkan lẹ máa kì bọ̀ ọ́, pẹlẹbẹ kékeré yìí. Ẹ tì í títí ẹ ó fi gbọ́ 'kọ́'. Bí ẹ bá wá tan iná sí i, tí nǹkan kan bá ń dùn ún, á ké. Bí kò bá ti ké, ara rẹ̀ le nìyẹn."

"Ṣé etí nìkan ló gbà?"

"Etí nìkan ni, Bàbá."

Etí Ológbò rẹ́rìn-ín músẹ́. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìyàwó rẹ̀ múra láti lọ gba iṣẹ́ tuntun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí o, àfi ìgbà tí tuntun bá ti ṣiṣẹ́."

"Máa lọ jàre. Fọkàn balẹ̀."

Bó ti ń jáde báyìí ni ọkọ rẹ̀ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó to sukudiráífà rẹ̀ láti orí gígùn dé kékeré, ó gbé ìgò epo maṣíìnì tì í. Ta ló sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ń mu epo? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ti mọ́ ọn ni.

Ó yọ bọ́ọ̀dù náà nínú ọ̀rá, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbọn ọ̀rá náà. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó yẹ abẹ́ tábìlì wò, ó yẹ inú àpótí wò. Ibo ni ìyókù wà? Maṣíìnì ìránṣọ tó kéré jù lọ, bí èèyàn bá tú u, ẹ̀yà ara rẹ̀ á kún abọ́. Ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ. Ó ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn rí, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbé ọpọlọ náà sórí bọ́ọ̀dù bí ẹyin. Ọpọlọ ti èyí dà? Apá tó ń gbé àwòrán jáde dà? Èyí tó ń gbé ohùn jáde ńkọ́? Ó yí bọ́ọ̀dù náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó kàn rí irin kan láàárín rẹ̀ tó ní eyín gbọọrọ bí òòyà ìyarí. Ó wò ó bọ̀ọ̀. Ta ló fẹ́ yarí fún kọ̀ǹpútà?

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé e pé abẹ́ ìyarí náà ni ọpọlọ sá sí, pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, àti pé ìyarí náà ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù, tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Ó yé e, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀rọ tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé ó wà láàyè?

Ó so bọ́ọ̀dù mọ́ inú àpótí. Ó wá ku ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní díìsìkì. Inú àtijọ́ ni díìsìkì náà wà. Etí Ológbò rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ìyàwó òun ní òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àtijọ́ àfi tí tuntun bá ti ṣiṣẹ́. Tuntun kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi tí òun bá fọwọ́ kan àtijọ́. Irú òfin wo nìyí? Ó ní obìnrin ló sọ ọ́, kò rò ó jinlẹ̀. Ó tú àtijọ́, ó yọ díìsìkì inú rẹ̀, wáyà méjì sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó so díìsìkì náà mọ́ tuntun, ó fi wáyà tó já pamọ́ sábẹ́ aṣọ tábìlì.

Ó wá kan ti mẹ́mọ́rì. Ó kì í bọ ihò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tì í, ó dẹ etí. Kò gbọ́ 'kọ́'. Ó tún tì í díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe kì í fi ipá ti nǹkan. Ẹ̀yà tó bá kọ̀ ní ohun tó rí tó fi kọ̀. Ó dúró, ó họ orí. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí kọ̀ǹpútà tí kì í dún ni òun rà! Kí ló fẹ́ dún 'kọ́' sí? Ọkùnrin yẹn ti gbàgbé ohun tó tà. Ó fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó so wáyà ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó tan iná.

Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ṣẹ́jú lára àpótí náà. Etí Ológbò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó di ojú méjèèjì, ó dẹ etí sún mọ́ ọn. Jẹ́ẹ́. Ara rẹ̀ kò gbọ̀n, kò hó, kò kùn. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fèrèsé wọn yọrí síta pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó nàka sí etí ara rẹ̀, ó ń sọ nǹkan kan. Ó ń kí òun ní Etí Ológbò ni! Etí Ológbò náà gbé ọwọ́ sókè, ó dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Onígbàjámọ̀ mi orí, ó ti fèrèsé tirẹ̀.

Ìgbà tó yíjú sí tábìlì ló rí i pé ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri.

Ó dúró dè é. Ó ṣì dúdú. Ó pa á, ó tan án. Dúdú. Ó tú wáyà, ó tún un so. Ó yọ nọ́ọ̀tì, ó dá a padà. Ó fi èémí fẹ́ ẹ. Ó gbé ìgò epo, ó wo inú bọ́ọ̀dù náà kiri bóyá ibì kan wà tó gbẹ, kò rí, ó gbé ìgò náà sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń dà rú. Bí kò bá níná, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé yẹn kò ní tàn. Bí nǹkan bá ń dùn ún, á ké. Kò ké. Ara rẹ̀ le, iná wà lára rẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́. Irú àìsàn wo nìyí, tí aláìsàn dùbúlẹ̀ tó la ojú sílẹ̀, tó ní kò sí ibi tó ń dun òun?

Ó pa á, ó jáde sí ìta níbi tí fóònù ti máa ń já geere, ó pe ọkùnrin tó tà á fún un.

"Bàbá, ẹ má pariwo mọ́ mi létí, mò ń gbọ́ yín. Ṣé ẹ gbọ́ 'kọ́'?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní, ṣé ó ké?"

"Kò ké! Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́!"

"Kò ké rárá? Ó dá yín lójú?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni Etí Ológbò wí, inú ti ń bí i. "Etí ta ni?"

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní bí kò bá ké, a jẹ́ pé ohun tó ń ṣe é kọjá òun lórí fóònù, kó gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú, nítorí òun ti jáde nílùú.

Ọjọ́ Àìkú kẹ̀! Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà dé ọ́fíìsì. Ó wọlé, ó wo àtijọ́ tó ti tú palẹ̀, ó gbé aṣọ tábìlì sókè, ó wo wáyà tó já. Ó wá yé e pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó òun, kì í ṣe fáànù ló gbà á, òun ni. Ó jókòó, ó tan tuntun náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí èèyàn. "Kí ló ń dùn ọ́? Sọ fún mi. Ké, kí n gbọ́."

Òjìji kan kọjá lórí tábìlì. Ó gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti dé, ó fi ọwọ́ kan bo etí, ó gbá àpò iṣẹ́ mọ́yà, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kí lo wí?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó pariwo. "Mo ní kí ló ń ké báyìí?"

"Ta ló ń ké?"

"Nǹkan yìí! Mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Onígbàjámọ̀ ní òun ti ń sọ fún yín pé ariwo rẹ̀ ń dí òun létí, ẹ kàn ń juwọ́ sí òun."

Etí Ológbò wo àpótí náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra di ojú, ó dẹ etí títí ó fi kan irin náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó la ojú.

"Ó ń ké báyìí? Báyìí báyìí?"

Obìnrin náà mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

"Báwo ló ṣe ń ké?"

Ó ká ètè jọ, ó fi hàn án. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ká a jọ. Ọkọ rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ABD. Kò bínú. Kò bi í léèrè bóyá àwọn télọ̀ ló rán an. Ó kàn na ọwọ́, ó pa iná, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn ní màá gbọ́ 'kọ́' bí mẹ́mọ́rì bá wọlé. Mi ò gbọ́ ọ. Mo rò pé kò yẹ kó dún ni."

Ìyàwó rẹ̀ wo inú àpótí náà. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó mú àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé orí mẹ́mọ́rì, ó fi tirẹ̀ lé e, ó sì tì í. Ohun kan fò sábẹ́ ìka Etí Ológbò, ó le, ó sì mọ́, bí ìgbà tí bọ́bìnnì òwú maṣíìnì bá jókòó sí ààyè rẹ̀. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Kọ́," ni obìnrin náà wí.

Wọ́n tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, gbogbo iṣẹ́ obìnrin náà sì yọ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tó sọnù. Ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló rí àtijọ́ níbi tó tú sí, ó fajú ro díẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Ó fa àga, ó ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ etí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìka rẹ̀ ń sáré, kò dúró, kò padà sẹ́yìn, kò fi àlàfo sílẹ̀.

Etí Ológbò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lójijì, ìka obìnrin náà dúró. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó tẹ ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà síbẹ̀ tó kún ojú kọ̀ǹpútà: LÁTI ÌGBÀ WO?

"Mi ò mọ̀," ni Etí Ológbò wí.

Òótọ́ ló sọ. Ta ló ń mọ ìgbà tí nǹkan tí kò sí mọ́ lọ? Ó ti rò pé òjò ọdún yìí kàn ń rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ó ti rò pé àwọn ọmọ òun, láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ti ń kẹ́nu jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ọlọ́jà tí kò fẹ́ dá owó padà. Ó rántí maṣíìnì télọ̀ yẹn tó ní kò han. Ó ń han. Ó ti ń han ní gbogbo ìgbà tí òun fi di ojú tí òun ń mi orí, télọ̀ náà sì ń wo òun. Ojú tì í, àyà sì ń fò ó. Bí kò bá sí etí yìí, kí ni òun? Orúkọ wo ni wọ́n á tún máa pe òun?

"Ọjọ́ Ẹtì," ló wí, "bí o bá ti gbé iṣẹ́ lọ tán, wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi sílẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò lọ. Ó ń wo àpótí kékeré náà àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé e, ó fà á padà. Ó fi ìka kan ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"Ìyá àwọn ọmọ. Ṣé ó dákẹ́ lóòótọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà lórí, ó di ojú méjèèjì, ó dẹ etí sún mọ́ ọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó la ojú, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun dáadáa.

"Ó dákẹ́," ló wí.

Etí Ológbò sì gbà á gbọ́.